Èémí Ẹ́ńjìnnì, Èémí Ẹni Tó Ń Tò Ó

Lítà epo pẹtiróòlù kan kò lè jó tán láìsí afẹ́fẹ́ tó tó nǹkan bí 9,000 lítà. Ìṣirò rẹ̀ kò le: gírámù epo kan ń fẹ́ gírámù afẹ́fẹ́ 14.7 kó tó lè jó tán, lítà epo kan sì wúwo tó nǹkan bí 740 gírámù. Àgbàlagbà tí kò ṣe iṣẹ́ agbára ń mí afẹ́fẹ́ bí 10,000 lítà láàárín ọ̀sán àti òru ọjọ́ kan. Ohun tí èyí já sí ni pé lítà epo kan ṣoṣo fẹ́rẹ̀ẹ́ gba afẹ́fẹ́ tó èyí tí èèyàn kan fi ń gbé ọjọ́ kan.

Mẹkáníìkì tó ń ṣiṣẹ́ ní gbangba, lábẹ́ igi tàbí lábẹ́ páànù tí kò ní ògiri, lè má ro èyí rárá, nítorí afẹ́fẹ́ kò wọ́n ọn. Ṣùgbọ́n ní Amẹ́ríkà, inú ilé ìgbọ́kọ̀sí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń to ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní hot rod, ìyẹn ọkọ̀ àtijọ́ tí wọ́n tú palẹ̀, tí wọ́n sì tún tò kó lè máa sá eré tí ẹni tó kọ́kọ́ ṣe é kò lérò. Yàrá tó ní ilẹ̀ kọnkéré ni ilé ìgbọ́kọ̀sí yìí, ilẹ̀kùn ńlá kan níwájú, bóyá fèrèsé kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹni tí kò ní ilé tirẹ̀ á háyà á, á máa sanwó rẹ̀ lóṣooṣù.

Ọ̀rọ̀ èémí ni iṣẹ́ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹni tó fẹ́ kí ọkọ̀ sáré ń wá bí ẹ́ńjìnnì yóò ṣe mí dáadáa. Ẹni tó bá fẹ́ wà láàyè wa ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ wá bí òun fúnra rẹ̀ yóò ṣe mí dáadáa nínú yàrá kan náà. Orí yìí dá lórí èémí méjèèjì.

Bí ọkọ̀ àlòkù ṣe di ọkọ̀ eré

Gúúsù ìpínlẹ̀ California ni iṣẹ́ yìí ti gbilẹ̀. Lẹ́yìn àwọn òkè tó wà ní àríwá Los Angeles, àwọn adágún kan wà tí omi wọn ti gbẹ, tí ilẹ̀ wọn tẹ́ pẹrẹsẹ, tó sì le gbagidi. Muroc, Rosamond àti El Mirage wà lára wọn. Kí Ogun Àgbáyé Kejì tó dé Amẹ́ríkà, ibẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ ti ń wọn eré ọkọ̀ wọn. Owó ọkọ̀ tuntun kò sí lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n Ford ti ṣe Model T tó tó mílíọ̀nù 15 láàárín ọdún 1908 sí 1927, àlòkù rẹ̀ sì wà káàkiri ní pọ́ọ́kú. Wọ́n á tú mọ́gáàdì, bọ́nẹ́ẹ̀tì, gíláàsì iwájú àti gbogbo ohun tí kò bá ọkọ̀ rìn kúrò. Bí ọkọ̀ bá ṣe fúyẹ́ tó ni agbára kékeré tó ní yóò ṣe ràn án tó.

Ní ọdún 1932, Ford gbé ọkọ̀ kan jáde tó ní ẹ́ńjìnnì V8: sìlíńdà mẹ́rin lápá ọ̀tún, mẹ́rin lápá òsì, tí wọ́n dà pọ̀ sára irin kan ṣoṣo. Títí di ìgbà náà, ọkọ̀ olówó ló ń ní irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀. Agbára ẹṣin 20 ni Model T ní. Ti V8 tuntun yìí jẹ́ 65. Nígbà tí àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí wá di àlòkù, ọwọ́ àwọn ọ̀dọ́ tẹ̀ wọ́n. Ní ọdún 1937, àwọn ẹgbẹ́ eléré kóra jọ, wọ́n dá Southern California Timing Association sílẹ̀ kí eré náà lè ní òfin. Vic Edelbrock, tó ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì ní Los Angeles, ra Ford 1932 kan. Ó ń wà á lọ sí adágún, á tú mọ́gáàdì rẹ̀, á fi sáré, á dè é padà, á sì wà á lọ sílé. Ní ọdún 1941, ọkọ̀ yìí sá eré tó lé ní 120 máìlì láàárín wákàtí kan ní Rosamond, ìyẹn kìlómítà tó lé ní 190.

Lẹ́yìn ogun, àwọn ọmọ ogun tó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún ẹ̀rọ ṣe tí wọ́n sì ń jó irin padà délé, wọ́n sì kó iṣẹ́ ọwọ́ wọn wọnú ilé ìgbọ́kọ̀sí. Ìwé ìròyìn Hot Rod jáde ní oṣù kìíní ọdún 1948. Ní ọdún 1951, Wally Parks àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá National Hot Rod Association sílẹ̀, kí eré àsápajúdé tó ń pa àwọn ọ̀dọ́ lójú títì lè di eré tó ní pápá àti òfin.

Ẹ́ńjìnnì tó fẹ́ sáré gbọ́dọ̀ mí

Gbogbo ohun tí àwọn èèyàn wọ̀nyí ṣe fún ẹ́ńjìnnì, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń wá. Epo kò ṣòro láti dà sínú ẹ́ńjìnnì. Afẹ́fẹ́ tí yóò jó epo náà ló ṣòro láti kó wọlé.

Ẹ wo ẹ́ńjìnnì Ford 1932 yìí. Àyè inú sìlíńdà rẹ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ jẹ́ lítà 3.6. Písítìn kọ̀ọ̀kan á sọ̀ kalẹ̀ fa afẹ́fẹ́ àti epo wọlé, á gòkè fún un pọ̀, pọ́ọ̀gì á tanná sí i, ooru á tì í sọ̀ kalẹ̀, á sì tún gòkè ti èéfín jáde. Ẹ́ńjìnnì ní láti yí lẹ́ẹ̀mejì kí gbogbo èyí tó parí, nítorí náà, bó bá mí kíkún, lítà 1.8 ni yóò máa fà ní ìyí kọ̀ọ̀kan. Ìyí 3,400 ní ìṣẹ́jú kan ló ti ń mú agbára 65 náà jáde. Ẹ sọ ọ́ di púpọ̀: ó lé ní 6,000 lítà láàárín ìṣẹ́jú kan. Yàrá ọkọ̀ kan tó gùn ní mítà 6, tó fẹ̀ ní mítà 3, tó sì ga ní mítà 2.4 gba afẹ́fẹ́ bí 43,000 lítà. Ẹ́ńjìnnì yìí lè mí gbogbo afẹ́fẹ́ yàrá náà tán láàárín ìṣẹ́jú méje.

Àmọ́ kò rọrùn fún un láti mí kíkún, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ló sì fà á. Nínú ẹ́ńjìnnì òde òní, orí sìlíńdà ni fááfù wà. Nínú ti Ford yìí, ẹ̀gbẹ́ sìlíńdà ló wà, ó dojú sókè láti inú irin ńlá náà, orí sìlíńdà sì tẹ́ pẹrẹsẹ bí ìdérí. Afẹ́fẹ́ tó bá wọlé ní láti gòkè gba ẹ̀gbẹ́, kó ṣẹ́ kọ́nà, kó tó bọ́ sórí písítìn. Ti èéfín tó ń jáde tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ń gba inú irin náà kọjá láàárín omi tó yẹ kó máa tu ẹ́ńjìnnì lára, kó tó yọ síta. Sìlíńdà mẹ́rin ló wà lápá kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ihò mẹ́ta ni èéfín wọn ń gbà jáde, nítorí pé ihò kan ṣoṣo ni àwọn méjì àárín jọ ń lò. Ìdí nìyí tí ẹ́ńjìnnì yìí fi máa ń gbóná, tí àwọn tó ń tò ó fi ń wá rédíétọ̀ tó tóbi.

Níbi tí ọ̀fun ti há yìí ni ọgbọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Edelbrock ṣe irin ìfafẹ́fẹ́ tó gba kabúrétọ̀ méjì dípò ẹyọ kan. Àwọn mìíràn ń fi òkúta ìlọ̀ fẹ ojú ihò náà títí yóò fi jọ̀lọ̀. Ed Iskenderian di olórúkọ nínú lílọ kámúṣáàfù, ọ̀pá tó ń ṣí fááfù, kí fááfù lè ṣí ga kó sì pẹ́ kó tó padé. Zora Arkus-Duntov ṣe orí sìlíńdà tuntun, ó gbé fááfù lọ sókè sínú rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má bàa ṣẹ́ kọ́nà mọ́. Stuart Hilborn ṣe ẹ̀rọ tó ń tú epo sínú ẹ́ńjìnnì láìlo kabúrétọ̀, nígbà tó sì di ọdún 1948, ọkọ̀ rẹ̀ di àkọ́kọ́ tó kọjá máìlì 150 láàárín wákàtí kan lórí adágún gbígbẹ.

Ìfẹ́ eré ní òfin tirẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ti ń sáré gan-an, afẹ́fẹ́ iwájú rẹ̀ ló ń bá jà jù. Láti sá eré ìlọ́po méjì, ó nílò agbára tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́jọ. Ẹni tó bá sì sọ agbára ẹ́ńjìnnì di ìlọ́po méjì yóò rí i pé eré tó pọ̀ jù lọ tí ọkọ̀ náà lè sá fi nǹkan bí ìdá mẹ́rin péré lé sí i. Bíréèkì náà ní òfin tirẹ̀: bí eré bá di ìlọ́po méjì, iṣẹ́ bíréèkì di ìlọ́po mẹ́rin. Okùn àti ọ̀pá irin ni bíréèkì Ford ń lò títí di ọdún 1938. Ọdún 1939 ló tó gba bíréèkì olómi. Ìdí nìyí tí ọlọ́gbọ́n atọ́kọ̀ fi ń kọ́kọ́ wá bíréèkì olómi sórí ṣáásí, kó tó gbé ẹ́ńjìnnì kà á.

Ohun tí ẹ́ńjìnnì ń mí jáde

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá kan èèyàn nìyí. Bí epo bá rí afẹ́fẹ́ tó, ó jó tán, omi àti kábọ́ọ̀nù dáyọ́sáìdì ni ó ń dà. Bí afẹ́fẹ́ bá kéré sí epo, kò ní jó tán, kábọ́ọ̀nù mọnọ́sáìdì á wáyé. Ẹ́ńjìnnì tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tọ́ kabúrétọ̀ rẹ̀ sọ́nà máa ń mu epo ju bó ṣe yẹ lọ. Ọdún 1975 sì ni àwọn ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ní ẹ̀rọ tó ń fọ èéfín mọ́ nínú sàlẹ́ńsà. Hot rod tó jẹ́ ti 1932 kò ní in.

Kábọ́ọ̀nù mọnọ́sáìdì kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kì í ta èèyàn lójú. Inú ẹ̀jẹ̀ ló ti ń ṣọṣẹ́. Èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀ tó ń gbé ọ́síjìn kiri ara máa ń dì mọ́ gáàsì yìí ní ìlọ́po tó lé ní 200 ju bó ṣe ń dì mọ́ ọ́síjìn lọ. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró ń mí, ọkàn ń lù, síbẹ̀ ọpọlọ kò rí ọ́síjìn gbà. Orí á kọ́kọ́ máa fọ́ni, òòyì á máa kọ́ni, èébì á máa gbéni, ara á rọ. Lẹ́yìn ìyẹn, iyè á bẹ̀rẹ̀ sí í rá. Iyè tó ń rá yìí ló burú jù, torí ẹni tó yẹ kó sá jáde kò ní mọ̀ pé ó yẹ kóun sá. Bí wọ́n bá gbé e síta nínú afẹ́fẹ́ tó mọ́, ó tó wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún kí ìlàjì gáàsì náà tó kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn dókítà fi ń fún un ní ọ́síjìn gidi, èyí tó ń dín àkókò náà kù sí nǹkan bíi wákàtí kan àti ààbọ̀.

Báwo ló ṣe ń yá tó? Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní V8 àtijọ́ kan ń mu lítà epo méjì láàárín wákàtí kan bó ṣe dúró lójú kan tó ń kùn, ká sì ní ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún èéfín rẹ̀ jẹ́ kábọ́ọ̀nù mọnọ́sáìdì, bó ti lè ṣẹlẹ̀ sí ẹ́ńjìnnì tútù tí epo rẹ̀ pọ̀ jù. Èéfín tó ń jáde yóò tó 330 lítà láàárín ìṣẹ́jú kan, lítà bíi 16 nínú rẹ̀ sì jẹ́ gáàsì olóró yìí. Àwọn aláṣẹ ìlera òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà ka ìwọ̀n 1,200 nínú mílíọ̀nù kan sí èyí tó léwu lójú ẹsẹ̀ fún ẹ̀mí tàbí ìlera. Nínú yàrá wa tó gba 43,000 lítà, lítà bíi 52 ni ìwọ̀n náà. Bí ilẹ̀kùn bá wà ní títì, kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ.

Ìṣẹ́jú mẹ́ta yìí gbọ́dọ̀ yí ìṣe ẹni tó bá gbọ́ ọ padà. Ẹ̀rọ ìkìlọ̀ tí wọ́n ń kọ́ sára ògiri ṣe pàtàkì, ó yẹ kó wà nínú yàrá náà àti nínú ilé tó bá so mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n òfin tí wọ́n fi ń ṣe ti inú ilé gbà á láyè kó lo láti ìṣẹ́jú 4 sí 15 kó tó ké, bí gáàsì náà bá dé ìwọ̀n 400 nínú mílíọ̀nù kan. Ewu lè ti gòkè kọjá ibi tó yẹ kí èèyàn tó gbọ́ ohùn rẹ̀. Ẹ̀rọ náà wà fún ohun tí a kò retí. Kò sí fún ẹ́ńjìnnì tí a mọ̀ọ́mọ̀ tan. Ẹ́ńjìnnì tí a bá fẹ́ tan, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ti ọkọ̀ náà síta pátápátá, kí ẹnu sàlẹ́ńsà rẹ̀ kọjú sí ìta, kó má kọjú sí fèrèsé ẹnikẹ́ni. Ṣíṣí ilẹ̀kùn nìkan kò tó, torí afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ wọlé lè dá èéfín padà sínú yàrá.

Òǹkàwé tó wà ní Èkó tàbí Ìbàdàn mọ gáàsì yìí, bí kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Òun náà ló ń pa ìdílé tó bá gbé jẹnẹrétọ̀ sínú ilé tàbí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ sùn. Lábẹ́ òrùlé ni ọkọ̀ àti jẹnẹrétọ̀ ti ń pani, òfin kan náà ló sì yẹ kó de méjèèjì: ìta gbangba ni kí wọ́n ti máa ṣiṣẹ́.

Èéfín irin, eruku bíréèkì, àti ọ̀dà

Kí ẹ́ńjìnnì tó tan rárá, ẹni tó ń to ọkọ̀ ti ń mí ohun púpọ̀ sínú. Bó bá ń jó irin tí wọ́n fi síńkì bò, èéfín funfun tó ń jáde lè fún un ní ibà lálẹ́: òtútù, ara ríro, ikọ́. Ó máa ń lọ láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń fojú kéré rẹ̀. Kí a fi òkúta ìlọ̀ ha síńkì náà kúrò kí a tó jó irin ni ọ̀nà àbáyọ.

Èyí tí kò ṣeé fojú kéré ni oògùn ìfọ bíréèkì tó ní chlorine nínú. Bí ó bá ṣẹ́ kù sára irin, tí iná ìjórin bá kàn án, ó lè di phosgene, gáàsì tí wọ́n fi jagun nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Ẹni tó bá mí i lè rò pé kò sí nǹkan, títí di wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn náà tí omi yóò máa kún ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Oògùn ìfọ tí kò ní chlorine wà lórí àtẹ. Òun ló yẹ kí ajórin rà, kó sì jẹ́ kó gbẹ tán kó tó tanná.

Páàdì bíréèkì àti kílọ́ọ̀ṣì àtijọ́ lè ní asbestos nínú. Ẹ má fi afẹ́fẹ́ fẹ́ eruku rẹ̀. Omi ni kí ẹ fi rin ín kí ẹ tó nù ún. Òjé wà nínú ọ̀dà àtijọ́, òun náà ni wọ́n fi ń dí ara ọkọ̀ nígbà kan, nítorí náà ẹ má ha á ní gbígbẹ, ẹ má sì wọ aṣọ iṣẹ́ náà lọ bá ọmọdé. Ní ti ọ̀dà òde òní tí wọ́n ń po mọ́ èròjà kejì kó lè le, isocyanate inú rẹ̀ lè sọ ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá di ẹni tí èémí ń há mọ́ láyà títí ayé. Fún irú ọ̀dà yìí, ẹ gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ akunkọ̀ tó ní yàrá ìkunkọ̀ àti ìbòjú tó ń gba afẹ́fẹ́ láti ìta.

Ilé onílé, iná onílé

Oru pẹtiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́rin. Kì í gòkè. Ilẹ̀ ló ń rá mọ́ títí yóò fi rí iná. Nínú ọ̀pọ̀ ilé ìgbọ́kọ̀sí ní Amẹ́ríkà, ẹ̀rọ tó ń mú omi gbogbo ilé gbóná wà ní igun yàrá náà, òmíràn sì ní iná kékeré tí kì í kú. Òfin ilé kíkọ́ níbẹ̀ ní kí ohun tó lè tanná ga tó ínǹṣì 18 sí ilẹ̀, nítorí oru yìí gan-an. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn: ẹni tó bá fẹ́ tú táǹkì epo tàbí kabúrétọ̀, kó gbé e síta, kó sì fa epo rẹ̀ sínú garawa tó ní ìdérí.

Nítorí náà, kí a tó fi owó sílẹ̀ fún onílé, ohun mélòó kan wà tó yẹ ká fojú rí. Ibo ni ẹ̀rọ omi gbígbóná wà, báwo ló sì ṣe ga tó? Ṣé ilẹ̀kùn ńlá náà ń ṣí tán, tí ọkọ̀ tí kò ní ẹ́ńjìnnì sì ṣeé tì síta láìsí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́? Ṣé iná mànàmáná 240 fóòtì wà tí ẹ̀rọ ìjórin lè lò? Ṣé ẹnikẹ́ni ń sùn lókè yàrá náà tàbí lẹ́yìn ògiri rẹ̀? Ṣé ìwé àdéhùn gbà wá láyè láti jó irin, kí ó hàn nínú ìwé, kó má jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu? Bí ẹnì kan bá ń sùn lẹ́yìn ògiri, èémí tirẹ̀ náà ti wọ inú ìṣirò wa, kódà bí kò bá mọ ohun tó ń jẹ́ hot rod.

Ètò iṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé èyí. Ọkọ̀ tí jáákì gbé kò gbọ́dọ̀ dúró lórí jáákì nìkan. Orí ìdúró irin ni kó wà kí ẹnikẹ́ni tó wọ abẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ ìpaná kó wà nítòsí ilẹ̀kùn, níbi tí ẹni tó ń sá jáde yóò ti rí i. Ṣáásí àti bíréèkì ṣáájú. Ẹ́ńjìnnì tẹ̀ lé e. Ọ̀dà ló gbẹ̀yìn. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ lóru kó jẹ́ kí ẹnì kan mọ ìgbà tó yẹ kó padà délé.

Owó kabúrétọ̀ kejì kò kéré, ìdùnnú rẹ̀ sì pọ̀. Ṣùgbọ́n kabúrétọ̀ yẹn lè dúró de oṣù tó ń bọ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi owó oṣù yìí ra ẹ̀rọ ìkìlọ̀ méjì, ẹ̀rọ ìpaná kan, ìbòjú tó bá iṣẹ́ mu àti ìdúró irin mẹ́rin. Wọn kò ní fi máìlì kan kún eré ọkọ̀ náà, ṣùgbọ́n wọ́n ń tọ́jú ẹ̀mí ẹni tí yóò wà á àti ti ẹni tó ń sùn lẹ́yìn ògiri.